Adìẹ Ọjọ́bọ̀ Tí Mo Rẹ́ Wẹ́wẹ́

Kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu mi, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ojo ni mí. Mo bẹ̀rù iná, mo bẹ̀rù epo gbígbóná, mo bẹ̀rù ọ̀gá mi, mo bẹ̀rù ìyálé ilé tí mo ń sè oúnjẹ fún. Bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́ lulẹ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fò sókè. Síbẹ̀, oúnjẹ sísè nílé onílé ni iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún títí eékún mi fi ní kí n jókòó. Nímọ̀ta, ọmọ ọmọ mi, ló ní kí n máa sọ ọ́ kí òun máa kọ ọ́ sílẹ̀, torí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tanke ń ro iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe, àwọn kan nínú wọn sì ní iṣẹ́ alásè ló wu àwọn. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má tún un ṣe kí n wá dà bí akọni.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Ìyá mi mọ ẹnì kan tó mọ Hájíà kan ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin níhìn-ín, Hájíà ń wá ọmọbìnrin tó máa ran alásè wọn lọ́wọ́, mo bá di ẹrù mi, mo lọ. Owó tí wọ́n ń san tó mi jẹ, nígbà tó sì yá, ó tó mi rán Rísì ọmọ mi níwèé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọkọ Hájíà ni gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá. Àáfà ni wọ́n. Àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní kéú, àwọn mìíràn sì máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá bi wọ́n léèrè ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Ohun tí wọ́n tún mọ̀ wọ́n sí ni pé wọ́n ń ṣọ́ ẹnu wọn. Wọn kì í jẹun níta, wọn kì í jẹ ẹran tí wọn ò mọ ẹni tó pa á. Ilé ara wọn nìkan ni wọ́n ti ń jẹun láìbéèrè nǹkan kan, torí wọ́n gbà pé ẹni tó wà ní kíṣìnì wọn mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá Múnírà ni alásè tí mo bá nílé náà, àwọn sì ni ọ̀gá mi. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn kéré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn, èèyàn á ti dìde kó tó dáhùn. Ọdún kan gbáko ni wọn ò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò. Mo ń fẹ́ iná, mo ń ṣa ìrẹsì, mo ń gé àlùbọ́sà. Bí mo bá gé e nípọn, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ síwájú mi, wọ́n á ní, "Sàfúrà, ta lo ń la igi fún?" Mo máa tún un gé. Nígbà míì ó máa di ẹ̀ẹ̀mẹta, omi ojú mi á máa kán sínú àlùbọ́sà, mi ò sì ní mọ̀ bóyá àlùbọ́sà ló fà á ni àbí ẹkún.

Wọ́n ní òfin méjì. Èkíní ni pé kò sí oúnjẹ tó gbọdọ̀ kúrò ní kíṣìnì kí alásè tó tọ́ ọ wò, kó sì gbé e mì. Wọ́n á dúró tì mí, wọ́n á máa wo ọ̀fun mi. "Oúnjẹ tí alásè ò lè jẹ," wọ́n máa ń sọ, "kí ló fẹ́ kí ẹlòmíì fi í ṣe?" Òfin yẹn dára, mo sì fi kọ́ ọmọ.

Òfin kejì ló bà mí láyé jẹ́. Ní agboolé yẹn, bíi ti ọ̀pọ̀ agboolé nígbà náà, obìnrin kì í pa adìẹ. A lè rà á, a lè hú ìyẹ́ rẹ̀, a lè gé e, ká sè é, ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ kan ọrùn rẹ̀, ọkùnrin ló ni ìyẹn. Tí adìẹ bá wà láti pa, a máa gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, adìẹ lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì, a máa dúró de ọkùnrin Mùsùlùmí tó bá kọ́kọ́ kọjá. Mẹ́gáàdì ni o, télọ̀ ni o, ẹni tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ni o. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa adìẹ." Kò sí ẹni tó máa ń kọ̀.

Lọ́jọ́ kan, a dúró, dúró, ẹnikẹ́ni ò kọjá. Oòrùn ń pa wá. Mo ní, "Ìyá, ṣé kí n kúkú pa á?" Mo ti fi ọ̀bẹ sún mọ́ ọrùn adìẹ náà díẹ̀. Ọmọrogùn ni mo rí lọ́rùn ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ obìnrin ló fẹ́ pa ẹran tí Bàbá máa jẹ?" Ìyá Múnírà ò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. "Tí ọwọ́ rẹ bá pa á, òkúǹbete ni. Ṣé o mọ òkúǹbete?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀ ni, tí wọn ò fi orúkọ Ọlọ́run pa. Mùsùlùmí kì í jẹ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọrùn ọwọ́ mi fi wú. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́, èmi tí mò ń gbé nílé ẹni tí gbogbo ayé ń wá bi léèrè.

Igi la fi ń dáná nígbà tí mo débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni sítóòfù kẹrosíìnì dé, tí dúdú rẹ̀ máa ń kun ìdí ìkòkò. Ìgbà tí gáàsì wá dé, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gígùn kan tan án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo na ọwọ́ mi tán, mo yí ojú sẹ́yìn, mo ń kéwú. Ìyá Múnírà wò ó, wọ́n ní àwọn ò lè fi afẹ́fẹ́ tó ń rùn sè oúnjẹ. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ jókòó ti ọmọ wọn. Ọ̀bẹ wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, èyí tí èèkù rẹ̀ ti yọ̀ lọ́wọ́ wọn. "Máa fi gé ẹran," wọ́n ní, "má fi pa ẹran." Báyìí ni mo ṣe di ọ̀gá ní kíṣìnì, tí mo sì ń bẹ̀rù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí kò sí ẹni tí mo lè sá sẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, Mọ́ríyámọ̀ ọmọ Hájíà ló gbé e dé. Ó ti Àbújá wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó gbé páànù kan dání tó jinnú díẹ̀, tó lọ́wọ́ gígùn. Ó ní sítà-fúráì lòun fẹ́ kọ́ mi. Ó yọ ẹran àyà adìẹ kúrò lára egungun, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, ó fi ata ilẹ̀, áyù àti ata gbígbẹ pa á lára. Ó gé kárọ́ọ̀tì bí igi ìṣáná, ó gé tàtàṣé, kábéèjì, àlùbọ́sà àti bíìnsì tútù gígùn, ó tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Gbogbo gígé gbọ́dọ̀ parí kí ẹ tó tan iná," ó ní, "torí tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sáyè láti wá nǹkan kan." Ó jẹ́ kí epo díẹ̀ gbóná títí ó fi fẹ́ máa rú èéfín, ó da ẹran sí i, ariwo tó sọ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń yí i kíákíá. Ó kó ẹran jáde, ó da àwọn ẹ̀fọ́ sí i, èyí tó le ló kọ́kọ́ dà, ó dá ẹran padà, ó wá da omi dúdú kan láti inú ìgò lé e. Sọ́ọ̀sì sóyà ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti jinná. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ títí wọ́n fi fi búrẹ́dì nu páànù, n kò sì rí tọ́ wò. Ó fi páànù náà àti ìgò sọ́ọ̀sì méjì sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ooru ọdún yẹn kì í ṣe kékeré. Adìẹ ágíríìkì ò lè fara da ooru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sìn ín rí mọ̀. Ọ̀kan ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí mo ti ń dúró de ọkùnrin tó máa pa á. Hájíà wò ó lórí ilẹ̀, wọ́n wò mí. "Sàfúrà," wọ́n ní, "tí òmíì bá tún kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, di ẹrù rẹ tẹ̀ lé e." Hájíà kì í sọ̀rọ̀ lásán. Rísì sì wà ní ìdajì ẹ̀kọ́ girama.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ni. Bàbá máa ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, Hájíà sì ní kí n lọ ra adìẹ kan tí wọ́n máa fi ṣínu. Mo rà á ní Ọjà-Ọba, funfun, ó tóbi dáadáa. Kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ pẹ́ lójú ọ̀nà, nígbà tí mo sì fi délé, adìẹ yìí ti la ẹnu, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Mo wọ́n omi sí i lórí. Mo mú ọ̀bẹ, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Kò sí ọkùnrin kankan. Mẹ́gáàdì ti lọ sílé rẹ̀ láti àná. Àwọn ọmọ kéú kì í wá ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí, oòrùn sì ti lé gbogbo èèyàn wọlé. Mo dúró. Ọrùn adìẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mo wo ọ̀bẹ, mo wo ọrùn. Ọ̀bẹ ọ̀hún mú, mo mọ Bìsìmílàhì, mo mọ ibi tí wọ́n ń gé. Ọrùn ọwọ́ mi tí ọmọrogùn bà ní ọjọ́sí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, lẹ́yìn ọdún tó lé lógún. Mi ò lè ṣe é.

Ni mo bá sáré. Ṣọ́ọ̀bù Sulu Télọ̀ wà lẹ́yìn ilé kẹta. Kí n tó débẹ̀, mo gbọ́ ọ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi: àyà adìẹ náà tó ń lù kìkì, ó dúró. Ó wá wúwo lójijì.

"Sulu, jọ̀ọ́, bá mi pa á kíá."

Sulu dìde nídìí máṣíìnì. Ó wo adìẹ, ó wò mí. "Àǹtí, ṣé èyí ṣì wà láàyè?"

Mo ti fi ìka sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, mo ń mì í. Èmi Sàfúrà, mo mi ìyẹ́ òkú adìẹ kó lè dà bí alààyè. "Ó ń mí," mo ní.

Ó dárúkọ Ọlọ́run, ó pa á. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò tó kún ṣíbí, ó dúdú, ó sì ń lọ́ra. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò wá o," Sulu sọ. Mo ní, "Oòrùn ni." Ó nu ọ̀bẹ mọ́ àkísà, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti Sulu ò ti lè wo ojú ara wa dáadáa.

Nígbà tí mo hú ìyẹ́ rẹ̀ tán, mo rí i pé wàhálà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò jáde máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó máa ń dúdú nídìí egungun. Bí mo bá fi se ọbẹ̀, Hájíà máa ṣí ìkòkò, wọ́n á mọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnì. Ojú mi wá bọ́ sára páànù Mọ́ríyámọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ìgbà tí mo mọ iṣẹ́ yìí tó ọjọ́ yẹn. Mo yọ ẹran kúrò lára egungun, mo wé egungun sínú ọ̀rá, mo sọ ọ́ nù. Mo rẹ́ ẹran yẹn wẹ́wẹ́ títí tí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ ibi tó ti wá. Mo gé ìka mi, mo fi àkísà dì í. Ata ilẹ̀ pọ̀, áyù pọ̀. Epo gbóná, ó ń ta sí mi lára, mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo bu iyọ̀ sí i bí mo ṣe máa ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀, mo wá da sọ́ọ̀sì sóyà lé e títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú, ẹran dúdú, ẹ̀fọ́ dúdú, kò sí èyí tó lè tú èkejì fó.

Hájíà wọlé. "Kí lo ń sè yìí?"

"Oúnjẹ tí Mọ́ríyámọ̀ kọ́ mi ni, Hájíà."

"Fún Bàbá? Ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Eyín Bàbá ti dín. Mo ní kí n ṣe èyí tó rọ̀."

Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Ó dáa," wọ́n ní, "tọ́ ọ wò kó o tó gbé e lọ." Mo bu díẹ̀, mo fi ṣíbí kan eyín mi, mo yíjú padà, mo da ẹran náà sínú àkísà tí mo fi di ìka. Wọ́n ti jáde.

Wọ́n pe ìrun Mọ̀gáríbì. Bàbá fi èso dàbínù àti omi ṣínu, wọ́n kírun, wọ́n wá jókòó. Mo dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí àwo já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo pa á dé. Mo tún là á. Bàbá ti fi Bìsìmílàhì sí i, wọ́n ti fi sẹ́nu, ẹni tó ti ń ṣọ́ ẹnu láti kékeré, lẹ́yìn ààwẹ̀ odidi ọjọ́ kan.

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n pè mí. "Sàfúrà, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sọ́wọ́ ẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹran tí mo lè rún. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni kó o máa ṣe é fún mi."

Wọ́n ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń sè oúnjẹ yẹn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Adìẹ tí mo ń fi sè é lẹ́yìn ìyẹn mọ́ tónítóní; ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni mo máa ń gbé e dúró de àwọn tó ń ti ìrun Súbúì bọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè tọ́ ọ wò. Bí mo bá ti gbé ṣíbí, ìyẹ́ tí mo mì ló máa ń wá síwájú mi, mo máa dá ṣíbí padà. Òfin àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi fi lélẹ̀, mo ń rú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí Bàbá bá wúkọ́, mo máa rò pé nǹkan tí mo fún wọn jẹ ti ń jà nínú wọn. Bí Sulu bá kí mi lọ́nà pé, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o," mo máa rò pé ó ń fi bú mi ni. Ọmọ mi ṣe tán nílé ìwé, iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi, ara mi ò sì balẹ̀ ní wákàtí kan.

Nínú oṣù Ràmàdáánì kan, Bàbá ń ṣe tàfúsíì, ìtumọ̀ Kùránì, fún àwọn èèyàn nínú àgbàlá, mo ń pín omi ìṣínu fún àwọn obìnrin lẹ́yìn. Obìnrin kan nawọ́. Ó ní kò sí ọkùnrin nílé òun, adìẹ òun sì kú níbi tí òun ti ń wá ẹni tó máa pa á. Ṣé obìnrin lè pa ẹran?

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, tí orí rẹ̀ pé, tó dárúkọ Ọlọ́run, tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú, kí ló tún kù? Ta ló ní kó lọ wá ọkùnrin?"

Ike omi bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn obìnrin rò pé ààwẹ̀ ló mú mi. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń wo ọwọ́ mi. Ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń sá fún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ibi tí mo sá lọ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ àìsàn lẹ́yìn ìgbà náà. Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo gbé oúnjẹ wọn wọlé, wọ́n jẹ díẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. "Sàfúrà, mo ti ń wò ọ́ tipẹ́. O kì í jẹ oúnjẹ yìí. Kí ló dé?"

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Mo sọ gbogbo rẹ̀: kẹ̀kẹ́, ẹnu ọ̀nà, ìyẹ́ tí mo mì, irọ́ tí mo pa fún Sulu, sọ́ọ̀sì. Mi ò gbójú sókè. Mo gbọ́ tí wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀ sínú àwo. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n lọ pe Hájíà.

"Èmi jẹ ẹ́ láìmọ̀," wọ́n ní nígbà tó yá. "Ọlọ́run mọ ìyẹn. Ìwọ, lọ túúbá." Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Ọdún mélòó lo ti ń gbé adìẹ kọjá níwájú mi lọ sẹ́nu ọ̀nà?"

"Ó lé ní ọgbọ̀n, Bàbá."

"Mo ń rí yín. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ ń bẹ̀rù. Àwọn èèyàn ń wọkọ̀ wá bi mí ní nǹkan, àwọn tó wà ní kíṣìnì mi ò mọ̀, èmi náà ò sì bi wọ́n. Tèmi náà wà níbẹ̀." Wọ́n sún àwo sí mi. "Adìẹ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ọwọ́ ẹ ni kó o fi pa á. Kó o sì jẹ níbẹ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bàbá."

Mi ò ṣe é. Mo ti sọ fún yín pé ojo ni mí. Lọ́jọ́bọ̀ náà mo gbé adìẹ, mo gbé ọ̀bẹ, mo fi kan ọrùn rẹ̀, mo tún mú un kúrò. Mo pe Mẹ́gáàdì. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ Bàbá, wọ́n bi mí léèrè ẹni tó pa á, mi ò pa irọ́. "Mẹ́gáàdì ni, Bàbá." Wọ́n mi orí. "Kò burú. Ọjọ́bọ̀ míì ń bọ̀." Ọjọ́bọ̀ míì yẹn bá wọn nínú ibojì.

Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i nílé náà. Hájíà kó lọ sọ́dọ̀ Mọ́ríyámọ̀, mo wá ń gbé ọ̀dọ̀ Rísì ní Tanke. Àwọn ọmọ Rísì fẹ́ràn oúnjẹ yìí, mò ń sè é fún wọn, mi ò sì tọ́ ọ wò rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Nímọ̀ta ní kí n kọ́ òun. Ẹnì kan ti fún ìyá rẹ̀ ní adìẹ ágíríìkì kan. Àwa méjì péré la wà nílé, ooru mú, adìẹ náà sì ti ń la ẹnu. Nímọ̀ta gbé e, ó mú ọ̀bẹ, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ wo ọkùnrin tó máa bá wa pa á."

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti ń dà rú. "Ẹ̀yin náà ni, Ìyá àgbà."

Mi ò rántí pé mo kọ́ ọ rí. Mi ò lo ọmọrogùn, síbẹ̀ ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù tó bà mí lójú ẹsẹ̀ yẹn ju ẹ̀rù ọ̀bẹ lọ. Mo ní, "Dá a padà. Lọ bá mi mú ọ̀bẹ Ìyá Múnírà wá."

Mo kọjú sí gábàsì, ibi tí a ń kọjú sí kírun. Mo ní kí Nímọ̀ta di ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ mú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo jẹ́ kó máa gbọ̀n. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà adìẹ náà, ó ń lù kìkì. Mo ní, "Bìsìmílàhì, Àláhù Àkíbárù," mo fa ọ̀bẹ. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó pọ́n, ó gbóná, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ̀ ń sunkún."

"Èéfín ni."

"A ò tíì dáná."

A jọ gé gbogbo rẹ̀. Nímọ̀ta gé kárọ́ọ̀tì nípọn, mo ní ta ló ń la igi fún. Epo gbóná, ẹran pariwo nínú páànù, mo fò sẹ́yìn bí mo ṣe máa ń fò, ọmọ náà rẹ́rìn-ín mi. Mo bu iyọ̀ bí mo ṣe máa ń bù ú, mo da sọ́ọ̀sì sí i. Mo wá gbé ṣíbí. Mo ní Bìsìmílàhì, mo fi sẹ́nu, mo rún un, mo gbé e mì.

"Nímọ̀ta, kí ló dé tí iyọ̀ pọ̀ tó báyìí?"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Ìyá àgbà."

"Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Màmi ní ká má sọ fún yín, kí inú yín má bàa bàjẹ́."

Mo gbé ìgò sọ́ọ̀sì, mo kán an sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a. Iyọ̀ ni láti òkè délẹ̀. Iyọ̀ lórí iyọ̀ ni mò ń bù láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ní ẹnu ará Ìlọrin dùn ju iyọ̀ lọ, èmi ni kẹ́ ẹ wá bi. Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá fi jẹ ẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n ń mu omi lé e, tí wọ́n ń ṣàdúà fún ọwọ́ mi. Wọn ò sọ. Èmi tí mo rò pé èmi nìkan ni mò ń fi nǹkan pa mọ́ nílé yẹn.

Nímọ̀ta ní kí n jẹ́ kí òun fi omi díẹ̀ sí i kí iyọ̀ náà lè dín. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo fa àwo mọ́ra, mo jẹ ẹ́ tán bó ṣe rí.